Jingo: Orin Ọmọ Àjídò Tó Dé Woodstock

  

Orin rọ́ọ̀kì àtijọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ pé, "Àǹtí, kí ló kàn wá nínú ìyẹn?" Ó kàn wá gan-an. Èmi nọ́ọ̀sì ni, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1969 ló ń bẹ lórí bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù báyìí. Wọ́n ti di bàbá àgbà, wọ́n ti di ìyá àgbà. Tí ẹ bá bi wọ́n pé orin wo ni wọ́n fẹ́ràn nígbà èwe wọn, ńṣe ni wọ́n á máa ka orúkọ bí ẹni ń ka oríkì: Hendrix, Cream, Led Zeppelin, the Beatles, Santana. Àwọn ọmọ ọmọ wọn lẹ jọ lọ sí ilé ìwé. Orin wọ̀nyí náà lẹ máa ń gbọ́ nínú mọ́tò àwọn òbí ọ̀rẹ́ yín, tí ẹ ó jókòó sẹ́yìn jẹ́jẹ́ bí àlejò. Ó kéré tán, ọ̀kan wà nínú rẹ̀ tí kò yẹ kí ẹ ṣe àlejò sí. "Jingo" ni, èyí tí ẹgbẹ́ Santana gbé jáde ní 1969. Ọmọ ilẹ̀ wa ló kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ẹni tí Santana jẹ́, torí àwọn tí wọn kò mọ̀ ọ́n. Carlos Santana, ọmọ Mẹ́síkò ni, ọdún 1947 ni wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀ ń ta fáólìn nínú ẹgbẹ́ mariachi. Ìdílé wọn kó lọ sí Tijuana, lẹ́yìn náà wọ́n wá sí San Francisco. Ẹ̀yin gan-an ẹ mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀: ọmọ tó ń sọ èdè kan nínú ilé, tó ń sọ òmíràn ní ìta. Ẹgbẹ́ tó kó jọ rí bí ìlú San Francisco ṣe rí. Gregg Rolie tó ń tẹ dùùrù, òyìnbó ni. David Brown tó di gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ mú, aláwọ̀ dúdú ni. Chepito Areas tó ń lu ìlù, láti Nicaragua ló ti wá. Michael Carabello ló ń fi ọwọ́ lu kọ́ńgà. Michael Shrieve tó ń lu dírọ́ọ̀mù kò ju ọmọ ogún ọdún lọ.

Ní ọjọ́ 16, oṣù kẹjọ, ọdún 1969, wọ́n gun orí ìtàgé ní Woodstock, ní ìpínlẹ̀ New York. Èrò tó wà nínú pápá yẹn tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà 400. Àwo orin àkọ́kọ́ Santana kò tíì jáde nígbà yẹn. Ìparí oṣù yẹn ló tó jáde. Ọ̀pọ̀ èrò náà kò mọ̀ wọ́n rí. Wọ́n lu "Jingo" níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tí fíìmù Woodstock jáde ní 1970, "Soul Sacrifice" ni wọ́n fi hàn nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ni gbogbo ayé rántí. "Jingo" sì ni orin tí ilé iṣẹ́ wọn kọ́kọ́ yọ jáde lọ́tọ̀ láti inú àwo náà. Kò lọ jìnnà ní Amẹ́ríkà, ipò 56 ló dé lórí àtẹ Billboard. "Evil Ways" tó tẹ̀ lé e ló gòkè dé ipò 9.

Tí ẹ bá wá wo ibi tí wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni tó ṣẹ̀dá orin sí, orúkọ tí ẹ máa bá níbẹ̀ kì í ṣe Santana. Ọlátúnjí ni.

Babátúndé Ọlátúnjí, Àjídò ni wọ́n ti bí wọn, lẹ́bàá Àgbádárìgì, ní 1927. Ibẹ̀ jẹ́ ibi tí Yorùbá àti Ègùn ti ń gbé pọ̀, ẹ̀bá omi, ìlú apẹja. Ní 1950, wọ́n rí ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ gbà, wọ́n lọ sí Morehouse College ní Atlanta. Ẹ má gbàgbé irú Amẹ́ríkà tó wà nígbà yẹn: ní gúúsù, ibi tí aláwọ̀ dúdú ń jókòó sí nínú bọ́ọ̀sì yàtọ̀. Kì í ṣe orin ni Bàbá bá lọ. Iṣẹ́ aṣojú ìjọba ni wọ́n ní lọ́kàn, wọ́n sì tún lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣàkóso ìjọba ní New York University lẹ́yìn Morehouse. Àmọ́ àwọn akẹgbẹ́ wọn kò mọ nǹkan kan nípa Áfíríkà àyàfi ohun tí wọ́n rí nínú fíìmù Tarzan. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlù àti orin dá wọn lóhùn. Èyí tí wọ́n fi ń ṣàlàyé ara wọn ló di iṣẹ́.

John Hammond ló mú wọn wọ Columbia Records. Hammond yìí kan náà ló mú Bob Dylan wọ ibẹ̀. Àwo orin wọn, "Drums of Passion", jáde ní 1960. Mo fẹ́ kí ẹ wá àwo yẹn, kí ẹ sì ka àkọlé orin inú rẹ̀ sókè. Wọn kò fi àmì sí i lórí páálí àwo, torí náà òyìnbó tó bá kà á kò ní mọ ohun tó ń kà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin á mọ̀. "Odun De! Odun De!" "Kiyakiya." "Oyin Momo Ado." Àwọn òbí yín á ti máa rẹ́rìn-ín kí ẹ tó kà á tán. Orin Ọya wà níbẹ̀, ti Ṣàngó wà níbẹ̀, "Akiwowo" wà níbẹ̀ tó jẹ́ orin òṣìṣẹ́ rélùwéè. Èyí tí wọ́n pè ní "Jin-go-lo-ba" sì wà níbẹ̀.

Ohun kan nípa àwo náà tí mo fẹ́ràn jù ni àwọn tó kọ orin inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ń gbe orin àti àwọn tó ń lu ìlù pẹ̀lú Bàbá kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà rárá. Aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni wọ́n, àwọn mìíràn sì jẹ́ ará erékùṣù Caribbean. Wọ́n kọ́ èdè náà láti lè kọ orin náà. Nítorí náà, ẹ̀yin tí wọ́n máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ níbi ayẹyẹ pé ohùn yín kò lọ sókè bó ṣe yẹ nígbà tí ẹ bá ń sọ Yorùbá, àwọn tó gbé Yorùbá wọ ilé àwọn ará Amẹ́ríkà ní 1960 náà, bẹ́ẹ̀ ni ohùn tiwọn rí. Ẹni tó mọ orin Ṣàngó ní Ọ̀yọ́ dáadáa lè gbọ́ àwo yẹn kó ní, "Rárá, kì í ṣe bá a ṣe ń ṣe é nìyí." Òótọ́ ni. Orin ìtàgé ni Bàbá ṣe, wọn kò purọ́ pé ojúbọ ni wọ́n wà.

Báwo ló ṣe wá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ onígìtá ní San Francisco? Àwo náà tà gan-an, ó sì lọ káàkiri. John Coltrane, akọni onífèrè jáàsì nì, sọ orin kan ní "Tunji" ní 1962 nítorí Bàbá. Ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti dá ilé ẹ̀kọ́ àṣà Áfíríkà sílẹ̀ ní Harlem. Bob Dylan dárúkọ wọn nínú orin kan tó gbé jáde ní 1963. Ní San Francisco, àwọn ọ̀dọ́ máa ń kó kọ́ńgà lọ sí Aquatic Park ní etí omi, wọ́n á jókòó yíká, wọ́n á máa lù ú. Láti àárín irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni Carabello ti wá. Orin tó bá dára fún ìlù lílù, ẹnu kan ló máa ń gbé e fún ẹnu kejì.

Ẹ jẹ́ n tún nǹkan kan ṣe níbí o, torí mo máa ń rí i tí àwọn ènìyàn wa ń kọ ọ́ kiri. Kọ́ńgà kì í ṣe ìlù Yorùbá. Kúbà ni wọ́n ti ṣe é, láti ọwọ́ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ìhà Kóńgò ni gbòǹgbò rẹ̀ ti wá. Tiwa ní Kúbà ni bàtá. Kì í ṣe gbogbo ìlù tí wọ́n bá fi ọwọ́ lù là ń sọ pé ti bàbá wa ni. Èyí tó jẹ́ tiwa tó wa.

Ó dáa, báwo lẹ ṣe máa gbọ́ "Jingo"? Ẹ gbọ́ ti Bàbá ṣáájú. Ẹ ó gbọ́ ìlù àti ohùn ènìyàn, kò sí gìtá, kò sí dùùrù. Ẹnì kan á lé orin, àwọn yòókù á gbè é. Bí a ṣe ń ṣe é níbi ìsọmọlórúkọ náà ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun náà ni. Lẹ́yìn náà, ẹ wá fi ti Santana sí i. Ìlù ló ṣì bẹ̀rẹ̀. Gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ mú gbólóhùn kúkúrú kan, ó ń tún un sọ, kò yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, bí omele ṣe máa ń dúró sójú kan kí ìyáàlù lè ráyè sọ̀rọ̀. Dùùrù wọlé. Ìgbà tí gìtá Carlos wá dé, ẹ fetí sí i dáadáa: kò wá láti bo orin náà mọ́lẹ̀. Ó gba ipò ẹni tó ń lé orin. Ó sọ̀rọ̀, ó dákẹ́, ìlù gbè é. Lójú tèmi, ìdí nìyẹn tí "Jingo" ti Santana fi dùn ju ọ̀pọ̀ orin rọ́ọ̀kì tó fẹ́ fara jọ ti Áfíríkà lọ. Àwọn mìíràn kàn mú ìlù láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ wọ̀nyí mú ìlànà lílé àti gbígbè, wọ́n sì fi gìtá sínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ n padà sí i, torí ibẹ̀ lowó wà. Ní Yorùbá, a máa ń sọ pé "ó kọ orin". Kọ yìí lè jẹ́ pé ẹnu ló fi kọ ọ́, ó lè jẹ́ pé òun ló ṣẹ̀dá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà. Òfin àwọn òyìnbó ya méjèèjì sọ́tọ̀. Tí Santana bá kọ orin Ọlátúnjí, owó tirẹ̀ wà fún bó ṣe gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n owó mìíràn wà fún ẹni tó ṣẹ̀dá orin náà: lórí àwo kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà, lórí rédíò, lónìí lórí Spotify. Owó yẹn, orúkọ tó wà nínú ìwé ló ń tẹ̀ lé. Tí orúkọ rẹ kò bá sí níbẹ̀, bí gbogbo ayé tilẹ̀ mọ̀ pé ìwọ lo ni ín, kọ́bọ̀ kò ní wọ àpò rẹ. Àwáwí tí wọ́n sì máa ń rí ni pé, "Ṣebí orin ìbílẹ̀ ni? Orin ìbílẹ̀ kò ní olówó."

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1964, Serge Gainsbourg, olórin tí wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀ níbẹ̀ títí dòní, gbé àwo kan jáde tó pè ní "Gainsbourg Percussions". Orin mẹ́ta nínú rẹ̀, láti inú "Drums of Passion" ló ti wá. "Jin-go-lo-ba" di "Marabout". "Akiwowo" di "New York USA". "Kiyakiya" di "Joanna". Kò kọ orúkọ Ọlátúnjí sí ìkankan nínú wọn. Orúkọ tirẹ̀ ló kọ sí i. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí wọ́n tó fi orúkọ Bàbá sí ibi tó yẹ kó wà. Tí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tó jẹ́ ọmọ Faransé, ẹ fi "Akiwowo" sí i fún un, kí ẹ wo ojú rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbọ́ ohun tí Fẹlá ṣe fún Paul McCartney, ẹ má sáré sọ pé Fẹlá fẹ́ràn ìjà. Ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ ní Èkó ní 1973. The Beatles ti tú ká, McCartney ti ní ẹgbẹ́ tuntun tó ń jẹ́ Wings, ó sì fẹ́ lọ gba orin sílẹ̀ ní ibi tó jìnnà. EMI ní sítúdíò ní Apapa. Ibẹ̀ ló yàn. Kí wọ́n tó gbéra, méjì nínú àwọn olórin rẹ̀ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Òun, Linda ìyàwó rẹ̀, àti Denny Laine nìkan ló kù tó ń ta gbogbo nǹkan. Wọ́n kìlọ̀ fún tọkọtaya náà pé kí wọ́n má fẹsẹ̀ rìn lálẹ́. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn. Olè yọ ọ̀bẹ sí wọn, ó gba kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gba orin náà sí àti ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Gbogbo ohun tó wà nínú àwo yẹn, orí ni wọ́n fi rántí rẹ̀.

Lọ́jọ́ mìíràn, McCartney ń gba ohùn sílẹ̀, èémí bẹ̀rẹ̀ sí í nira fún un, ó jáde síta láti gba atẹ́gùn, ooru Èkó pàdé rẹ̀, ó dákú. Linda rò pé ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà ní ọ̀nà èémí inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló fún pọ̀, torí sìgá tó ń mu jù. Mo mọ irú rẹ̀ dáadáa. Àwọn iṣan tó yí ọ̀nà èémí ká á sún kì, afẹ́fẹ́ á máa wá ọ̀nà gbà, àyà á máa han. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu sìgá tí ẹ ń wò mí yìí, ẹ mọ ara yín. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí orin.

Fẹlá gbọ́ pé McCartney wà ní Apapa. Ó lọ bá a ní sítúdíò, ó fẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin aláwọ̀ dúdú. McCartney fi ohun tó ti gbà sílẹ̀ sí i fún un. Fẹlá gbọ́ ọ, ó rí i pé kò sí nǹkan Áfíríkà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí. McCartney gan-an ti sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé òun lọ gbọ́ Fẹlá ní Shrine, orin náà sì wọ òun lára débi pé òun sunkún.

Àwo tó ti ibẹ̀ jáde ni "Band on the Run", ọ̀kan nínú àwọn tó tà jù tí McCartney ṣe lẹ́yìn the Beatles. Ọmọ Nàìjíríà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, Rẹ̀mí Kabaka, ó lu ìlù nínú "Bluebird". Àmọ́ London ni wọ́n ti gba tirẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe Èkó! McCartney lọ sí Èkó kò mú onílù kankan, ó padà dé London ló tó rí onílù ọmọ Èkó.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé Fẹlá ṣe àṣejù, pé ó fẹ̀sùn kan ẹni tí kò ṣẹ̀. Èmi kò gbà. Ìdáhùn ni "rárá" lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà tọ̀nà. "Marabout" ti jáde ní ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú, orúkọ Ọlátúnjí kò sì sí lórí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti jí adìẹ ará ilé rẹ̀ gbé rí kò ní kí àlejò má ṣí agbọ̀n rẹ̀ káàwọn rí i.

Ó sì ṣe kedere pé Fẹlá kò kórìíra olórin rọ́ọ̀kì. Ginger Baker, onílù Cream, ọmọ Lewisham níbí ní London, Fẹlá bá a ṣe orin. Àwo wọn, "Live!", jáde ní 1971, Abbey Road ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, níwájú èrò. Orúkọ Baker hàn gbangba lórí páálí rẹ̀, ti Fẹlá náà hàn. Baker wa mọ́tò Range Rover gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lọ sí Nàìjíríà, ó sì kọ́ sítúdíò tirẹ̀ sí Ìkẹjà. Ọ̀kan nínú orin "Band on the Run" kan náà, "Picasso's Last Words", ibẹ̀ ni wọ́n ti gbà á. Baker bu òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo, ó ń mì ín sí i. Ẹni tí ayé ń pè ní ọ̀gá onílù, ẹ wo ohun tí wọ́n fún un lù.

Kí n tó gbàgbé, Bàbá Ọlátúnjí kò parí sí 1969 o. Mickey Hart, onílù ẹgbẹ́ Grateful Dead, mú wọn lọ́rẹ̀ẹ́. Ní alẹ́ ọdún tuntun 1985 mọ́ 1986, ní Oakland, Bàbá àti àwọn onílù wọn ló ṣíde fún Grateful Dead. Ní 1991, Hart kó àwọn onílù àgbáyé jọ fún àwo "Planet Drum", Bàbá wà níbẹ̀, Síkírù Adépọ̀jù ọmọ Erúwà wà níbẹ̀ pẹ̀lú gángan. Àwo yẹn ló kọ́kọ́ gba Grammy fún orin àgbáyé. Ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà fi "Drums of Passion" sínú àwọn àwo tí wọ́n ń pa mọ́ fún orílẹ̀-èdè náà ní 2004, ọdún kan lẹ́yìn tí Bàbá ti papò dà ní California.

Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ wọn tẹ̀ lé ara wọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí "Jin-go-lo-ba", ẹ wá bọ́ sórí "Jingo" ti Santana, kí ẹ tún wá èyí tí wọ́n lù ní Woodstock, torí ó gbóná ju ti sítúdíò lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ "Live!" ti Fẹlá àti Baker. "Band on the Run" lè gbẹ̀yìn. Ẹ kọ sí abẹ́ fídíò fún mi, orin rọ́ọ̀kì wo lẹ gbọ́ orúkọ Yorùbá nínú rẹ̀ rí? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ lórí Tony Allen. Ó dàbọ̀ o.